Ohun ìṣeré tó ń ké A, B, D: kí ló ń kọ́ ọmọ gan-an?

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà nínú ẹbí wa tó lè kọ orin álífábẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì sinmi. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lára ohun ìṣeré rẹ̀, tí ìyẹn dá orin, òun náà á gbè é. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, mo mú lẹ́tà M kan ṣoṣo, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní, "Kí lèyí?" Ó wò mí, ó wo lẹ́tà náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ orin láti A. Nígbà tó dé ibi M, kò dúró. Ó kọjá lọ bí awakọ̀ tí kò gbọ́ pé èrò fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Inú bí ìyá rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ohun ìṣeré náà ń kọ́ ọmọ ní phonics, pé ó ń mú ọmọ mọ̀wé kà. Ó bi mí bóyá wọ́n lu òun ní jìbìtì ni. Mo ní rárá, kì í ṣe jìbìtì, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ délẹ̀délẹ̀ náà. Ohun tí à ń pè ní "ó ti mọ ABD" kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Nǹkan mẹ́rin ni a dì pọ̀ sínú ẹrù kan: ìrísí lẹ́tà, orúkọ rẹ̀, ìró rẹ̀, àti bí a ṣe ń so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ohun ìṣeré lè kọ́ ọmọ ní ọ̀kan nínú wọn kó má sì fọwọ́ kan àwọn tó kù rárá. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà.

Kí ni lẹ́tà, kí ni orúkọ rẹ̀, kí ni ìró rẹ̀?

Ẹ wo ajá. Ó ní ìrísí: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìrù, etí. Ó ní orúkọ: ajá. Ó sì ní ohùn tó fi ń gbó. Ajá kì í gbó kó ní "ajá, ajá". Ẹni tó mọ orúkọ ajá lè má tíì gbọ́ bó ṣe ń gbó rí, ẹni tó sì ń gbọ́ gbígbó rẹ̀ lóru lè má tíì fi ojú rí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà. Ìrísí rẹ̀ ni ohun tí ojú rí: igi kan pẹ̀lú ikùn méjì, B nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni ohun tí a fi ń pè é: "bí". Ìró rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀: bí ètè méjèèjì ṣe pàdé tí wọ́n sì tú ká kí "à" tó jáde nínú bàtà. Ìró yìí la fi ń kàwé. Orúkọ wúlò fún ká lè sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ kàwé. Bí ọmọ bá fi orúkọ ka bàtà, "bí-a-tí-a" ni yóò jáde, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí a ń wọ̀ sẹ́sẹ̀.

Yorùbá ṣe wá lóore díẹ̀ níbí. Lẹ́tà 25 ni a ní, fáwẹ̀lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18. Orúkọ fáwẹ̀lì náà ni ìró rẹ̀: a ni a, ẹ ni ẹ. Ti kọ́ńsónáǹtì kò sì jìnnà, torí ìró wọn ló máa ń ṣáájú nínú orúkọ wọn: bí, dí, fí, gbí. Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ti pọ̀. Lẹ́tà 26 ló ní, ṣùgbọ́n ìró tó wà nínú èdè náà tó nǹkan bíi 44, nítorí náà lẹ́tà kan á máa ṣiṣẹ́ méjì mẹ́ta. Ẹ wo W. Orúkọ rẹ̀ ni "dọ́búlù-yú". Ẹ wá ìró W nínú orúkọ yẹn, ẹ ò ní rí i. Ọmọ tí ohun ìṣeré pe orúkọ W sí létí nígbà ọgọ́rùn-ún kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Phonics tí wọ́n ń kọ sára páálí, kí ló túmọ̀ sí?

Ọ̀nà ìkọ́ni kan ni. Wọ́n á kọ́ ọmọ ní ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún, wọ́n á wá kọ́ ọ bí yóò ṣe so àwọn ìró náà pọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde. Ó yàtọ̀ sí kí ọmọ kàn há odindi ọ̀rọ̀ sórí bí ẹni há àwòrán. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní National Reading Panel gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ìwé kíkà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kíkọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà lọ́nà tó létò ń ràn án lọ́wọ́ láti kàwé ju kí a má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ phonics wá di ohun tó ń ta ọjà. Mo ti rí i lára páálí ohun ìṣeré tí kò ní ìró lẹ́tà kankan nínú. Orúkọ lásán ló ń pè, pẹ̀lú orin.

Iṣẹ́ kan tiẹ̀ wà tó ṣáájú lẹ́tà, òun sì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi etí gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣeé dá sí wẹ́wẹ́. Létí ọmọ kékeré, bọ́ọ̀lù kì í ṣe b àti ọ àti l àti u. Bọ́ọ̀lù ni ohun tí à ń gbá. Kò nídìí tó fi yẹ kó rò pé ohun kan wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó jọ ìbẹ̀rẹ̀ bàtà. Ẹ bi í pé: bọ́ọ̀lù, bàtà, bàbá, ajá, èwo ni kò bá àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ bákan náà? Bó bá lè yọ ajá sọ́tọ̀, etí rẹ̀ ti ń là nìyẹn, lẹ́tà B sì ti ní ibi tí yóò jókòó sí. Bí kò bá tíì lè yọ ọ́, kò sí bọ́tìnnì tó lè gbà á. Eré yìí kò gba bátìrì. Ẹ lè ṣe é nínú ọkọ̀, ẹ lè ṣe é bí ẹ ṣe ń wẹ̀ fún un.

Kí ló dé tí "bọ̀ọ̀" kì í fi í ṣe ìró B?

Ibí yìí ló ta kókó díẹ̀, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà mo máa rọra ni.

Ẹ pe M, ẹ má fi fáwẹ̀lì kankan sí i: "mmmmm". Ẹ lè fà á títí èémí yín yóò fi tán. S náà ń fà: "sssss". F, L, N àti Ṣ ń fà bákan náà. Ẹ wá dán B wò. Ètè pa dé, ó tú, ó tán. Kò ṣeé fà. Bẹ́ẹ̀ ni D, T, K àti G ṣe rí. Ìró òjijì ni wọ́n. Ó ṣòro kí ẹnì kan tó gbọ́ wọn ketekete láìjẹ́ pé fáwẹ̀lì tẹ̀ lé wọn.

Ẹni tó ṣe ohun ìṣeré fẹ́ kí ọmọ gbọ́ B láti inú ẹ̀rọ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń hó ṣàà, ló bá fi ìrù sí i: "bọ̀ọ̀". Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún T: "tọ̀ọ̀". Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún M tó lè dá dúró fúnra rẹ̀: "mọ̀ọ̀". Ọmọ wá fẹ́ fi ohun tó kọ́ ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré bíi cat. Ó ní "kọ̀-à-tọ̀". Ẹ sọ ọ́ kíákíá, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kọ̀àtọ̀" ni yóò máa jẹ́. Kò ní di cat láéláé. Ọmọ náà ò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí wọ́n fún un ló so pọ̀.

Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń gé irú ìró bẹ́ẹ̀ kúrú ṣáṣá, kí ìrù rẹ̀ má baà gùn. Ìdí nìyí náà tó fi rọrùn láti kọ́ ọmọ ní síso ìró pọ̀ pẹ̀lú m, s tàbí f: èèyàn lè yọ̀ láti orí wọn bọ́ sórí fáwẹ̀lì láì já. "Mmmmaaa." Ma. Bí ẹ bá fẹ́ ra ohun ìṣeré tó ń sọ̀rọ̀, ẹ tẹ M, ẹ tẹ S, ẹ tẹ B kí ẹ tó sanwó. Bí M bá ní "ẹ́ẹ̀mù", orúkọ ló ń pè. Bó bá ní "mọ̀ọ̀", ìró tó nírù ni. Bó bá ní "mmm", ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe.

Bó bá jẹ́ Yorùbá ni ọmọ ń kọ́, ọ̀nà tó tún rọrùn jùyẹn lọ wà. Kọ́ńsónáǹtì wa kì í tò tẹ̀ lé ara wọn bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí m àti n tó lè dá dúró bí nínú ǹjẹ́, fáwẹ̀lì ló máa ń tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà ẹ lè mú sílébù odindi: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ìrù tó ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ni Yorùbá fi ń rìn. Ohun ìṣeré tó ní apá méjì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kọ́ńsónáǹtì lósì, fáwẹ̀lì lọ́tùn-ún, torí láti òsì la ti ń kàwé, yóò ṣe iṣẹ́ yìí ju pátákó tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ife bébà méjì tí ẹ kì bọ inú ara wọn tó fún un. Ẹ kọ kọ́ńsónáǹtì yí ẹnu ọ̀kan ká, ẹ kọ fáwẹ̀lì yí ẹnu èkejì ká, kí ọmọ máa yí i.

Ta ló kọ́kọ́ sọ lẹ́tà di ohun ìṣeré?

Ó ti pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ kan ní Róòmù tó ń jẹ́ Quintilian kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fara mọ́ fífún ọmọdé ní lẹ́tà tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, kí wọ́n máa fi ṣeré. Ohun mìíràn tó sọ ló yà mí lẹ́nu. Ó ní òun kò fẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní orúkọ lẹ́tà àti bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn kí ọmọ tó mọ ìrísí wọn, torí ọmọ kì í wo lẹ́tà mọ́. Ohun tó ti há sórí ló ń tẹ̀ lé. Bàbá yìí ti rí ọmọ ẹbí wa yẹn kí wọ́n tó bí baba-ńlá baba-ńlá rẹ̀.

Lọ́dún 1693, John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dámọ̀ràn kí wọ́n lẹ lẹ́tà mọ́ irú ohun olójú púpọ̀ tí à ń jù bí a bá ń ta lúdò, kí ọmọ máa fi ta ayò, kí ìwé má di iṣẹ́ àfipáṣe fún un.

Ẹni tí mo rò pé ó gbé e dé ibi tó yẹ ni Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé sí àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù ní 1907. Ó gé lẹ́tà láti ara bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó ń dán. Ọmọ á fi ìka tọ ojú lẹ́tà náà bí ẹni ń kọ ọ́, á sì máa pe ìró rẹ̀. Ìró ni mo wí, kì í ṣe orúkọ. Ojú ń rí i, ìka ń mọ̀ ọ́n lára, ẹnu ń pè é, etí ń gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àpótí lẹ́tà tí wọ́n gé lọ́kọ̀ọ̀kan, fáwẹ̀lì ní àwọ̀ tirẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lágbára láti darí pẹ́ńsù á máa to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń kọ̀wé kó tó lè kọ̀wé.

Ti oníbátìrì dé lẹ́yìn. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ Texas Instruments gbé Speak & Spell jáde, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ jáde láti inú ṣíìpù kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ náà á pe ọ̀rọ̀, ọmọ á fi bọ́tìnnì to lẹ́tà rẹ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ ló ń béèrè, ọmọ ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kún ọjà lónìí ti yí i po: ọmọ ló ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́.

Nínú èyí tó wà lọ́jà, kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ọmọ?

Pátákó oníhò tí lẹ́tà ń wọ̀ ń kọ́ ọmọ ní ìrísí. Ó dáa fún ọwọ́, ó dáa fún ojú. Àmọ́ ọmọ lè parí rẹ̀ nígbà ogún láì mọ̀ pé lẹ́tà lòún ń tò. Lójú tirẹ̀, kò yàtọ̀ sí kó máa fi òṣùpá àti ìràwọ̀ sínú ihò wọn. Bí ẹ bá jókòó tì í, tí ẹ ń pe ìró bó ṣe ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà náà ló di ẹ̀kọ́ ìró.

Búlọ́ọ̀kù onígi àti káàdì tó ní àwòrán ńkọ́? Àwòrán ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi xylophone ṣe àwòrán X, bẹ́ẹ̀ ìró z ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á fi giraffe ṣe G, ìró j ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Yorùbá náà ní tirẹ̀: bí ẹ bá rí ṣíbí lábẹ́ S, tàbí gbálẹ̀ lábẹ́ G, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ya àwòrán kò bá ẹni tó mọ̀wé sọ̀rọ̀. Ọmọ máa gbà wọ́n gbọ́, ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́tà olóòfà tó ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì ni èmi yóò yàn bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan. Kò sọ̀rọ̀, kò kọrin, kò tan iná. Ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé, ó ṣeé tò, ó ṣeé yí padà: ẹ yọ b kúrò nínú ba, ẹ fi t sí i, ó di ta. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé ìyípadà lẹ́tà kan ni ìyípadà ọ̀rọ̀.

Pátákó tó ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Kì í ṣe pé kò ní àǹfààní: bí ìró rẹ̀ bá mọ́, ó lè tún un pè nígbà igba láì rẹ̀ ẹ́, òbí kì í ní sùúrù yẹn. Àléébù rẹ̀ wà níbòmíràn. Ní 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Pediatrics tẹ ìwádìí kan jáde tí Anna Sosa ti Northern Arizona University ṣe pẹ̀lú òbí 26 àti àwọn ọmọ wọn tó wà láàárín oṣù 10 sí 16. Wọ́n fún wọn ní ohun ìṣeré oníbátìrì, èyí tí kò ní bátìrì, àti ìwé alárànbarà. Nígbà tí oníbátìrì wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òbí ń sọ dín kù, fèsì-kí-n-fèsì láàárín òbí àti ọmọ náà sì dín kù. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kéré sí àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn níbí, mi ò sì ní fi ti ìkókó ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́rin délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé: ẹ̀rọ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu, òbí wá jókòó ó ń wò. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, náà sọ ọ́ ní 2018 pé kò dìgbà tí ohun ìṣeré bá wọ́n tàbí tó bá ń tàn yòò kó tó dára fún ọmọ.

Ìdánwò tèmi nìyí. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Kí ló kù níbẹ̀ tí ọmọ lè fi ṣe nǹkan?

Ẹ sì sá fún ẹni tó bá ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yóò máa kàwé. Ní 2012, àjọ Federal Trade Commission ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn ìpolówó ẹ̀tàn kan àwọn tó ń ta fídíò àti káàdì tí wọ́n ní yóò mú ìkókó kàwé.

Kí ló ń sọ b di d?

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fòyà bí ọmọ bá kọ b tí ó di d. Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà ló ti ń kọ́ pé àga tó dojú kọ ọ̀tún àti àga tó dojú kọ òsì, àga náà ni. Bàtà tó dojú délẹ̀ ṣì ni bàtà. Lẹ́tà ni ohun àkọ́kọ́ nílé ayé rẹ̀ tó ń yí orúkọ padà bó bá kọ̀yìn síni. Ọpọlọ rẹ̀ ní láti tu ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan kó tó gba tuntun, ó sì lè má parí rẹ̀ títí yóò fi tó ọmọ nǹkan bí ọdún méje.

Ohun ìṣeré lè dá kún un. Lẹ́tà b oníke tó wà lọ́wọ́ ọmọ, bó bá yí i, ó di q. Bó bá dà á dojú dé, ó di d tàbí p. Ẹ fi máákà fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ibi tó ń dúró lé. Ẹ má sì kọ́ ọ ní b àti d lọ́sẹ̀ kan náà. Kí ọ̀kan jókòó dáadáa kí èkejì tó dé.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú páálí. Ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ńkọ́?

Ẹ má dà á nù. Ẹ yọ C, Q, V, X àti Z sápá kan. Ohun tó kù tí ẹ nílò ni Ẹ, Gb, Ọ àti Ṣ. Ẹ mú E, O àti S mìíràn, ẹ fi máákà tí kì í pa rẹ́ kán àmì sí wọn lábẹ́, tàbí kí ẹ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ tínńtín mọ́ ọn fún ọmọ tó bá ti dàgbà kọjá fífi nǹkan sẹ́nu. Fún Gb, ẹ fi gúlúù lẹ g àti b mọ́ra, kí ọmọ máa gbé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, torí ìró kan ni. Mo ti rí ọmọ tó to "g-b" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó wá ń wá fáwẹ̀lì tí yóò fi sáàárín wọn. Kò jẹ̀bi.

P ni ẹ máa fojú sí bí ohun ìṣeré bá ń sọ̀rọ̀. P Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ètè nìkan. P tiwa, bí nínú pátákó, ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ló jọ ń ṣe é. Ẹ pa ohùn ẹ̀rọ náà bẹ́ ẹ bá dé orí rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ara yín pè é.

Ohùn ńkọ́? Kò sí ohun ìṣeré tí mo mọ̀ tó ní àmì ohùn nínú. Ẹ gé bébà pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ bí igi ìṣáná. Ẹ to i, gb, a sílẹ̀, ẹ wá máa gbé bébà náà lé wọn lórí: igba, igbá, ìgbà. Lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọmọ tó ti ń sọ Yorùbá lẹ́nu ti mọ ìyàtọ̀ wọn kó tó dé ibẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni ẹ ń fi í hàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ sílébù dáadáa ná.

Kí ló lè pa ọmọ lára níbẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni, mo sì máa sọ wọ́n wàrà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, lẹ́tà tó bá lè gba inú ihò páálí tí wọ́n ká bébà ìnùdí mọ́ kọjá ti kéré jù, ó lè há a lọ́fun. Òòfà tó bá yọ jáde lára lẹ́tà léwu gan-an: bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn láti inú ìfun kan sí èkejì kí wọ́n sì lu ìfun náà. Bátìrì pẹlẹbẹ tó rí roboto bí owó onírin ló burú jù. Ó lè dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì. Ibi tí wọ́n fi bátìrì sí gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí wọ́n fi síkúrúù dè, tí ọmọ kò lè fi ọwọ́ ṣí. Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti gbé òòfà tàbí bátìrì mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó.

Láti ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe láti A. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ ni ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, torí ó rò pé tòun ni. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi lẹ́tà tó ń fà kan tì í, àti fáwẹ̀lì méjì. Mẹ́rin péré. Ẹ kó ìyókù pamọ́. Lẹ́tà kéékèèké ni kó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́tà ńlá rọrùn láti dá mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ìwé èyíkéyìí, ẹ ka iye lẹ́tà ńlá tó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Bó bá dìde lọ lẹ́yìn márùn-ún, ó ti tó náà.

Ohun tí a ṣe fún ọmọ ẹbí wa nìyẹn. A kó orin sílẹ̀, a fún un ní m, b, a àti i. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò ṣe nǹkan kan ju kó máa fi b ṣe ọkọ̀ lọ. Nígbà tó yá, a fi t kún un. Lọ́jọ́ kan ó pe ìyá rẹ̀ wá sí ibi fíríìjì. Ó ti to lẹ́tà méjì síbẹ̀: bt. Ó ní, "Bàtà."

Ìyá rẹ̀ nawọ́ láti mú a méjì kó fi há a láàárín. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọmọ tó to bt kò gbàgbé nǹkan. Ó ti gbọ́ ìró méjì tó le jù láti gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ti mú lẹ́tà wọn, ó ti tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, kò sì sẹ́ni tó kọrin fún un. Fáwẹ̀lì ló sábà máa ń kẹ́yìn dé. Ìyá rẹ̀ wo bt náà títí, ó wá lọ mú fóònù rẹ̀ ó yà á ní fọ́tò.